Agbára Tí Ọwọ́ Mẹ̀kúnnù Tó

Ní ọdún 2005, ẹni tó bá fẹ́ kí Ford Mustang òun lágbára dáadáa, GT ló máa rà. Ẹ́ńjìnì V8, onísìlíńdà mẹ́jọ, ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì GT, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 300. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò bá ká GT, onísìlíńdà mẹ́fà ló kù fún un, agbára ẹṣin 210 péré nìyẹn sì ní. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ford gbé Mustang ti ọdún 2011 jáde. Onísìlíńdà mẹ́fà inú rẹ̀, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lórí àtẹ, ti ní agbára ẹṣin 305. Agbára tí wọ́n ń ta fún ẹni tó rí jájẹ ní 2005 ti wá di ti òṣìṣẹ́ tó ń fi owó oṣù san owó ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo owó náà kò sì tó 23,000 dọ́là.

Àwọn ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car: ilẹ̀kùn méjì, imú gígùn, ìdí kúkurú, táyà ẹ̀yìn ló sì ń ti ọkọ̀ lọ. Mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn ní ọ̀rúndún yìí: Ford Mustang, Chevrolet Camaro àti Dodge Challenger. Orúkọ V8 ni wọ́n fi ń pọ́n wọn lé. Nínú fíìmù, V8 ni. Nínú ìpolówó ọjà, V8 ni. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá sì ń jiyàn nípa wọn, ẹni tó bá sọ pé V6 lòun ń wà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń ṣẹ̀ ẹ́. Onísìlíńdà mẹ́fà ni ìpìlẹ̀ tí irú ọkọ̀ yìí dúró lé látọjọ́ tó ti wà. Òun ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Láti 2010 títí di 2024 sì ni ó dára débi pé ẹni tó rà á kò ní ẹjọ́ kankan láti rò níwájú ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni Ford fi Mustang àkọ́kọ́ han aráyé níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ní New York. Lee Iacocca, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ti mọ àwọn tó fẹ́ tà á fún: àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, tí ojú wọn ń wá ọkọ̀ tó lẹ́wà, tí àpò wọn kò sì tíì nípọn. Owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 2,368 dọ́là. Kí owó náà má bàa ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, onísìlíńdà mẹ́fà ni wọ́n fi sí i, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò tẹ̀ léra lórí ìlà kan, agbára ẹṣin 101. Ẹ́ńjìnì náà kì í ṣe tuntun. Inú Falcon, ọkọ̀ ìdílé tí kò ní fáàrí kankan, ni wọ́n ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ó ju 400,000 Mustang tí wọ́n tà kí ọdún kan tó pé. Ẹni tó fẹ́ V8 á fi owó kún un, V8 á sì wà fún un. Ara ọkọ̀ ló ń fa ojú oníbàárà mọ́ra, ẹ́ńjìnì ló ń pinnu iye owó. Bí ara bá sì ti jẹ́ ọ̀kan náà, ẹni tó ra èyí tí owó rẹ̀ rọjú ti gba ẹwà náà ní kíkún.

Chevrolet rí bí ọ̀nà náà ṣe dán mọ́rán, òun náà sì gbà á nígbà tó gbé Camaro jáde fún ọdún 1967: mẹ́fà nísàlẹ̀ àtẹ, mẹ́jọ lókè. Ní 1966, Ford tiẹ̀ ṣe ìpolówó pàtàkì fún Mustang onísìlíńdà mẹ́fà, ó sì dojú rẹ̀ kọ àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣiṣẹ́, tó ń dá gbé. Ẹ má gbàgbé pé ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, ọ̀pọ̀ báńkì ló máa ń béèrè ọkọ tàbí bàbá obìnrin kí wọ́n tó yá a lówó. Ọdún 1974 ni òfin tó fòpin sí i jáde. Fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó lẹ́wà tí owó oṣù rẹ̀ ká ju ọ̀rọ̀ fífi owó pa mọ́ lọ. Ọkọ̀ tó lè fi orúkọ ara rẹ̀ rà ni.

Àwọn tó ń fi V6 ṣe yẹ̀yẹ́ kì í sábà rántí ẹni tó ń san owó V8. Kí wọ́n tó lè tẹ irin di ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé, wọ́n ní láti kọ́kọ́ ṣe àwọn ẹ̀rọ àti mọ́ọ̀dù tó ń tẹ̀ ẹ́, owó ńlá nìyẹn sì ń gbà kí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó jáde. Bí ilé-iṣẹ́ bá máa ta ọkọ̀ díẹ̀, gbogbo owó náà ló máa wà lórí àwọn díẹ̀ yẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń ra onísìlíńdà mẹ́fà ló ń bá wọn pín in. Ẹni tó ń wa GT tó ń bú ramúramù lójú títì, àwọn tó ra V6 ló bá a gbé ẹrù rẹ̀ kó tó lè rí i rà ní iye tó rà á.

Ọ̀pọ̀ ọdún wà tí V6 kò yẹ ní yíyìn o. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, agbára àwọn ẹ́ńjìnì ti ń wálẹ̀. Mustang ti ọdún 1974 kò tiẹ̀ ní V8 rárá. V8 padà wá, ó tún gbérí, V6 ni wọ́n pa tì. Nígbà tó fi máa di 1994, V6 oní-lítà 3.8 inú Mustang kò ju agbára ẹṣin 145 lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ yáni ní Florida àti California ń kó wọn jọ, arìnrìn-àjò afẹ́ á ṣí òrùlé rẹ̀, á wà á létí òkun, á sì dá a padà lọ́jọ́ kẹta. Ibẹ̀ ni orúkọ burúkú náà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ pé mẹ́fà lè ṣe ohun tí mẹ́jọ ń ṣe. Ní 1987, Buick ṣe GNX, dúdú láti imú dé ìdí, V6 oní-lítà 3.8 tí túbò ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Agbára ẹṣin 276 ni wọ́n kọ fún un, ọ̀pọ̀ V8 ìgbà náà kò sì lè bá a sáré. Ṣùgbọ́n 547 péré ni wọ́n ṣe, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó mẹ̀kúnnù.

Epo àti òfin ló wá gbé V6 ti mẹ̀kúnnù dìde. Ní oṣù kejìlá ọdún 2007, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tó sọ pé nígbà tó bá fi máa di 2020, àpapọ̀ gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ máa rin máìlì 35, ó kéré tán, lórí gálọ́ọ̀nù epo kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2008, owó gálọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là mẹ́rin. Ní 2009, Chrysler tó ni Dodge, àti General Motors tó ni Chevrolet, wọ ilé ẹjọ́ lọ nítorí gbèsè. Oṣù kẹta ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Camaro tuntun ní Oshawa, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, GM ti gbé ìwé gbèsè rẹ̀ lọ síwájú adájọ́. Ẹ fojú inú wò ó: ilé-iṣẹ́ tó ń wá bó ṣe máa yè, tó fẹ́ ta ọkọ̀ eré kété lẹ́yìn tí epo gbówó lórí, fún àwọn ènìyàn tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí V6 inú Camaro náà kò bá dára, ta ni ì bá rà á?

Ó dára. Lítà 3.6, agbára ẹṣin 304, máìlì 29 lórí gálọ́ọ̀nù kan lójú títì márosẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ford dáhùn pẹ̀lú 305, máìlì 31 lórí gálọ́ọ̀nù. Dodge, tí V6 inú Challenger rẹ̀ kò ju agbára ẹṣin 250 lọ tẹ́lẹ̀, yọ ọ́ kúrò, ó fi Pentastar oní-lítà 3.6 sí i fún ọdún 2011: 305. Láàárín nǹkan bí ọdún méjì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Ní 2010, Camaro tà ju Mustang lọ ní Amẹ́ríkà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn.

Wàyí o, V6 inú Mustang àtijọ́ tó ń fúnni ní 210, lítà mẹ́rin ni. Tuntun tó ń fúnni ní 305, lítà 3.7 ni. Ó kéré sí i, ó sì fi agbára ẹṣin 95 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níbo ni èyí ti wá?

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni. Ohun tí ẹ́ńjìnì ń ṣe ni pé ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń pò ó mọ́ epo, písítìnì ń fún un pọ̀, púlọ́ọ̀gì ń tanná sí i, iná náà ń ti písítìnì sísàlẹ̀, èéfín á wá bá ẹ̀yìn jáde. Bí afẹ́fẹ́ tó wọlé bá ṣe pọ̀ tó ni epo tó lè jó dáadáa ṣe pọ̀ tó. Nínú ẹ́ńjìnì àtijọ́ yẹn, fáàfù méjì ló wà lórí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún wíwọlé, ọ̀kan fún jíjáde. Tuntun ní mẹ́rin, méjì méjì. Ẹni tó bá ti rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó tú lẹ́yìn ìsìn mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn méjì àti kí wọ́n ṣí mẹ́rin. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá rọra ń yí, méjì tó. Nígbà tó bá di pé ó ń yí ní ìgbà 6,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tó ní méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, èyí tó ní mẹ́rin á ṣì máa mí dáadáa. Ibi tí 305 wà gan-an nìyẹn, ní 6,500.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tó ti ń dààmú àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnì tipẹ́. Àsìkò tó yẹ kí fáàfù ṣí kó sì tì nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra lọ kọ́ ló yẹ nígbà tó bá ń sáré. Kámùṣáàfù ló ń tẹ fáàfù, ṣéènì ló sì so ó mọ́ kíránkì, nítorí náà láyé àtijọ́ àsìkò kan ṣoṣo ni wọ́n ń yàn fún un. Ẹni tó bá yàn án fún eré, ọkọ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n nínú gò-sílóò. Ẹni tó bá yàn án fún ìrọ̀rùn, ọkọ̀ rẹ̀ kò ní lè sáré. Ohun tí àwọn V6 tuntun ṣe ni pé wọ́n fi ọ́yìn inú ẹ́ńjìnì ti kámùṣáàfù síwá tàbí sẹ́yìn díẹ̀ bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá ṣe pàṣẹ, bí ọkọ̀ ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnì kan náà á máa hùwà jẹ́jẹ́ lójú pópó àdúgbò, á sì yíwà padà bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Ìdí rèé tí ó fi lè sáré tó bẹ́ẹ̀ kó má sì mu epo yó.

Oníkálukú wọn tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Camaro ń tú epo sínú sìlíńdà tààrà, kò dúró kó pò mọ́ afẹ́fẹ́ níta. Epo tó ń tú wọlé yẹn máa ń tu afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lára, èyí ló jẹ́ kí wọ́n lè fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ dé ìdá kan nínú mọ́kànlá ààyè rẹ̀ àti díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnì ń kan gbàgàgbàgà, lórí epo tó rọjú jù nílé epo. Ford kò ṣe tìyẹn. Ó fi irin fífúyẹ́, alumíníọ̀mù, ṣe gbogbo ara ẹ́ńjìnì rẹ̀ dípò irin wíwúwo tó wà nínú ti tẹ́lẹ̀. Dodge rọ ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde pọ̀ mọ́ orí ẹ́ńjìnì ní odidi, kò sí ìdè tó lè jò láàárín wọn.

Ohun tí V6 kò ní, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láìfi bò. Kíránkì gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì kí gbogbo sìlíńdà tó tanná tán. Nínú V8, iná ń tàn nígbà mẹ́jọ láàárín ìyípo méjì yẹn. Nínú V6, ẹ̀ẹ̀mẹfà. V8 ilẹ̀ Amẹ́ríkà tún ní ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ kíránkì rẹ̀ tó fi jẹ́ pé iná kì í tàn létòlétò ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ kan lè tàn lẹ́ẹ̀mejì léra wọn kí èkejì tó gbà á. Ohun tó ń dún kítikìti nínú sàlẹ́ńsà rẹ̀ nìyẹn, tí àyà ẹni tó wà létí títì á fi gbọ̀n. V6 ń tàn létòlétò, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ga, ó sì dán. Kò sí sàlẹ́ńsà tó lè sọ ọ́ di V8, ẹni tó bá sì ń náwó lórí ìyẹn ń fowó ṣòfò. Ti agbára àtìsàlẹ̀ náà wà níbẹ̀. V8 oní-lítà márùn-ún inú Mustang GT ti 2011 ń fúnni ní agbára ìyíra (torque) 390 lórí ìwọ̀n kan náà tí V6 ti ń fúnni ní 280. Bí iná títì bá di àwọ̀ ewé, V8 á ti lọ. V6 fẹ́ kí awakọ̀ jẹ́ kó yí dáadáa, kó má yí gíà kánkán.

Èyí gan-an ló mú kí n fẹ́ràn rẹ̀. Agbára ẹṣin 412 tó wà nínú GT ọdún yẹn kò ní ibi tí wọ́n ti máa lò ó tán lójú títì tí òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà dá dúró sí máìlì 65 tàbí 70 láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin ní gíà kejì ti sún mọ́ ọlọ́pàá. V6 ń jẹ́ kéèyàn gbádùn gbogbo ohun tó rà: á gbọ́ ọ bó ṣe ń gòkè, á fọwọ́ ara rẹ̀ yí gíà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nínú Mustang tàbí Camaro, á mọ ibi tí agbára rẹ̀ wà àti ibi tó parí sí. Ọmọ ogún ọdún tó ń kọ́ bí ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń tì ṣe ń yọ̀ nínú òjò, inú èyí ni kó ti kọ́ ọ.

Imú rẹ̀ tún fúyẹ́. Mustang V6 ti 2011 fi nǹkan bí 150 pọ́n-ùn fúyẹ́ ju GT lọ, iwájú sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo náà ti kúrò. Ọkọ̀ tí imú rẹ̀ kò wúwo máa ń yára yà ní kọ́nà. Ford tiẹ̀ ta àkójọ kan fún V6 náà: bíréèkì GT, táyà tó gbòòrò lórí wíìlì ìnṣì 19, àti ọ̀pá irin tó di iwájú mú kó má baà lọ́. Chevrolet tẹ̀ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Camaro ti ọdún 2016 kéré, ó sì fúyẹ́ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀. V6 rẹ̀ ti di agbára ẹṣin 335. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi àkójọ 1LE sí i: ìdìmú táyà láti ara SS tó jẹ́ V8, bíréèkì Brembo, gbogbo ohun tí ẹni tó fẹ́ lọ sáré ní pápá ìdíje lópin ọ̀sẹ̀ nílò. Kí ilé-iṣẹ́ kan mú ohun èlò eré ìdíje, kó fi sí ara èyí tí owó rẹ̀ rọjú, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi fún un. Ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Owó rírà nìkan kọ́ ló rọjú. Láàárín V6 àti GT ní 2011, ó ju 6,000 dọ́là lọ, ìyẹn kò sì ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Adójútòfò pọn dandan fún ọlọ́kọ̀ ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 sì ni wọ́n ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ rẹ̀ jù; bí V8 bá tún kún un, owó náà lè máa bá owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ du ipò. Àwọn V6 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lo epo tó rọjú jù nínú oríṣi mẹ́ta tí ilé epo wọn ń tà. Táyà wọn kéré, kì í tètè jẹ. Ẹ tún wo púlọ́ọ̀gì: V8 oní-lítà 5.7 inú Challenger ní púlọ́ọ̀gì méjì lórí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìndínlógún lápapọ̀. V6 ní mẹ́fà. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ wọn ni olówó á mọ ìyàtọ̀.

Challenger yàtọ̀ sí àwọn méjì yòókù. Ó tóbi, ó wúwo, kò sì sí V6 rẹ̀ tó ní gíà àfọwọ́yí. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ tó ń yà ní kọ́nà bí ejò, kó má wá a síbẹ̀. Àmọ́ àgbàlagbà lè jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láìká orúnkún sí àyà, búùtù rẹ̀ gba ẹrù, láti 2015 ni wọ́n sì ti fún un ní gíà mẹ́jọ tó ń dá yí, tó jẹ́ kó máa rọra gbá lọ lójú títì márosẹ̀. Ní 2017, wọ́n ṣe Challenger GT, V6 tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tì. Ní Michigan, ní Minnesota, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ọ̀pọ̀ ni kì í gbé irú ọkọ̀ yìí jáde títí di ìgbà ìrúwé. GT yìí ń lọ síbi iṣẹ́ ní oṣù kìíní.

Àwọn ọkọ̀ V6 wọ̀nyí ń dé Èkó pẹ̀lú. Láti ibi gbàǹjo ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá, àwọn kan ti ní ìjàǹbá rí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó bá fẹ́ wa V8 nínú gò-sílóò Lẹ́kkí gbọ́dọ̀ ronú jinlẹ̀. V6 ní àǹfààní míì níbí: ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Pentastar inú Challenger ló wà nínú Jeep Grand Cherokee àti Wrangler. Ẹ́ńjìnì Mustang bá ti Ford Edge tan, ìyàtọ̀ kan tó dára sì wà níbẹ̀. Nínú Edge, inú ẹ́ńjìnì ni pọ́ǹpù omi wà, ṣéènì ló ń yí i, bó bá jò, omi lè wọ inú ọ́yìn kó sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nínú Mustang, ìta ni wọ́n gbé e sí, mẹkáníìkì á rí i, á sì yọ ọ́ láìtú ẹ́ńjìnì palẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ Camaro ti 2010 tàbí 2011, kó fetí sí ṣéènì rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Èyí tí wọn kò pààrọ̀ ọ́yìn rẹ̀ lásìkò, ṣéènì rẹ̀ máa ń nà. Àwọn Pentastar àkọ́kọ́ ní ìṣòro ní orí ẹ́ńjìnì apá òsì, ilé-iṣẹ́ sì fa ọjọ́ wáráńtì wọn gùn nítorí rẹ̀. Kí olùrà béèrè bóyá wọ́n ti tún un ṣe.

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò ṣe irú V6 yìí ní tuntun mọ́. Ford yọ V6 kúrò nínú Mustang lẹ́yìn ọdún 2017, ó fi onísìlíńdà mẹ́rin tó ní túbò rọ́pò rẹ̀. Challenger àti Camaro tó kẹ́yìn jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Dodge ti gbé Charger tuntun jáde, onísìlíńdà mẹ́fà tó tò lórí ìlà kan pẹ̀lú túbò méjì, agbára ẹṣin 420 tàbí 550. Ẹ́ńjìnì náà wù mí, mo sì yọ̀ pé mẹ́fà ló padà jókòó sí àyè tí V8 wà tẹ́lẹ̀. Owó rẹ̀ ni kò jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ṣe Mustang 1964 fún.

Nítorí náà, ọjà àlòkù ló kù. Ẹni tó ń dá wakọ̀, tí kò ní ọmọ láti gbé sẹ́yìn, kó wá Camaro V6 ti 2016 sókè tó ní gíà àfọwọ́yí. Fèrèsé rẹ̀ há, wíwo ẹ̀yìn kò rọrùn, àmọ́ kò sí èyí tó dára tó o láti wà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Onídìílé, kó mú Challenger ti 2015 sókè. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, Mustang ti 2011 sí 2014 ni kó máa wò, kó sì fi sùúrù wá èyí tí wọ́n ta pẹ̀lú bíréèkì GT.